Bí Mo Ṣe Fi Iná Kọ Ṣ àti Ẹ Sára Ògiri: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Góbò fún Ìgbéyàwó Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó iná gbọ̀ngàn, nítorí pé iṣẹ́ iná òde ayẹyẹ ni mò ń ṣe jẹun ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Nǹkan méjì ni ìyàwó béèrè. Àkọ́kọ́ ni pé kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ òun, Ṣ, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọkọ òun, Ẹ, hàn nínú ìmọ́lẹ̀ lára ògiri tó wà lẹ́yìn àga tọkọtaya, kí a sì kọ Ẹ KÚ ORÍIRE sókè wọn. Èkejì ni pé kí àwòṣe ilẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi àpáàdì tẹ́ hàn lórí ilẹ̀ níbi tí wọn yóò ti jó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní. Ohun tí mo ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni mo kọ síbí, àti èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó dára, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà ná owó tí èmi ná dànù.

Ìpele kìíní: Iná tí mo ní nílé

Iná pá mẹ́rin ni mo ní, irú èyí tó ní gílóòbù LED wẹ́wẹ́ 54 lójú. Mo gé lẹ́tà Ṣ sínú páálí dúdú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọ̀kan nínú wọn, mo sì tàn án sí ògiri yàrá mi láti mítà mẹ́ta. Kò sí lẹ́tà kankan lára ògiri. Òjìji rúdurùdu ni mo rí. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ló ń sọ òjìji tirẹ̀ láti ibi tí ó wà, nítorí náà òjìji 54 ló gun ara wọn lórí. Bí mo ṣe ń sún páálí náà síwájú ni ó tún ń burú sí i.

Nǹkan mẹ́rin ni irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́: ojú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, lẹ́ǹsì tí yóò kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ, ojúbodè tí pélébé tí a gé àwòṣe sí yóò dúró sí, àti lẹ́ǹsì iwájú tí yóò gbé àwòrán pélébé náà lọ sára ògiri. Pélébé yìí ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní góbò. Àwọn sípọ́tíláìtì ńlá tí wọ́n ń lò lórí ìtàgé ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ìwọ̀n góbò wọn sì ti wà nílẹ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní B fẹ̀ ní mìlímítà 86, èyí tí wọ́n ń pè ní M sì fẹ̀ ní 66. Ṣùgbọ́n owó ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ju gbogbo owó tí a yà sọ́tọ̀ fún iná lọ, nítorí náà mo pinnu pé màá kan tèmi.

Ìpele kejì: Ara iná náà

Mo ra gílóòbù LED wáàtì 100, irú èyí tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti ojú kan jáde tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 20 lọ, pẹ̀lú díráìfà tó ń fún un ní iná fólítì 30 sí 36. Mo dè é mọ́ irin alumíníọ̀mù tó ní apá wẹ́wẹ́, tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, mo fi ìpara funfun tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń lò sí àárín méjèèjì, mo sì gbé fáànù sẹ́yìn irin náà.

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ ná mi lówó nìyí: mo tan iná náà láìtíì so wáyà fáànù, nítorí mo rò pé ìdánwò ìṣẹ́jú méjì kò lè pa á lára. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ó ti ń ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni ó kú pátápátá, ₦8,000 sì bá a lọ. Nígbà tí mo ra òmíràn, mo so wáyà iná àti ti fáànù mọ́ súwíìṣì kan náà, tó fi jẹ́ pé iná kò lè tàn kí fáànù má yí.

Àṣìṣe kejì wà lára àpótí rẹ̀. Páìpù ike oní-íǹṣì mẹ́ta tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni mo fi ṣe ara iná náà láti ìdí dé ẹnu, nítorí ó rọrùn láti gé, ó sì wà lọ́jà níbi gbogbo. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìdí páìpù náà ti rọ̀, ó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́ǹsì sì ti kúrò lójú ìlà. Ike yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 80 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìdí iná mi sì ti gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Sábó, ó bá mi fi páànù nípọn ká apá ẹ̀yìn, ó sì lu ihò afẹ́fẹ́ sí i lábẹ́ àti lókè. Páìpù ike kù sí apá iwájú nìkan, níbi tí ooru kò dé. Nígbà tí ara rẹ̀ ti di irin, mo so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ohun onírin tí ọwọ́ ènìyàn yóò kàn nínú gbọ̀ngàn tí ó kún kò gbọ́dọ̀ wà láìní wáyà ilẹ̀, ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e.

Lẹ́ǹsì akónájọ kò fún mi ní wàhálà. Wọ́n ń ta èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 44 pa pọ̀ mọ́ irú gílóòbù yìí. Lẹ́ǹsì iwájú ni mo wá kiri. Èyí tí mo rí ni dígí tí àwọn àgbàlagbà fi ń ka ìwé, tó fẹ̀ ní mìlímítà 75. Láti mọ agbára rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ oòrùn ọ̀sán, mo ń gbé e sókè sódò títí ojú oòrùn fi kéré jù lọ lórí sìmẹ́ńtì, mo sì wọn àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀: mìlímítà 200. Orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí pé orí páálí tàbí koríko gbígbẹ, iná yóò ràn.

Ìṣirò tí mo lò kò le. Ẹ fi mìlímítà tí oòrùn fún yín pín jíjìn ògiri sí lẹ́ǹsì, kí ẹ yọ ẹyọ kan kúrò. Iye tó kù ni ìlọ́po tí àwòrán yóò fi tóbi ju góbò lọ. Ògiri gbọ̀ngàn náà jìn sí ibi tí iná mi yóò dúró ní mítà mẹ́fà, ìyẹn mìlímítà 6,000. Mo fi 200 pín in, ó di 30, mo yọ ọ̀kan, ó ku 29. Àwòṣe góbò mi fẹ̀ ní mìlímítà 40, nítorí náà àwòrán yóò fẹ̀ ní mítà 1.16. Lára ògiri tó tóbi tó ti gbọ̀ngàn náà, yóò dà bí àwo tí wọ́n gbé kọ́. Nígbà náà ni mo ra dígí kejì tó bá àkọ́kọ́ dọ́gba, mo sì so wọ́n pọ̀ ní ìfẹnukò-ẹnu nínú páìpù kan. Méjèèjì pa pọ̀ di lẹ́ǹsì mìlímítà 100. Ìlọ́po di 59, àwòrán sì di mítà 2.36. Ìwọ̀n tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìdúró lẹ́ǹsì yìí sí góbò ló gba sùúrù mi jù lọ nínú ìpele yìí. Bí ògiri bá jìn ní mítà mẹ́fà, lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jìn sí góbò ní mìlímítà 101.7, bí ó bá jẹ́ mítà mẹ́rin, 102.6 ni. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò tó mìlímítà kan! Mo ti ki páìpù kékeré bọ inú ńlá, mo sì ń fi ọwọ́ fà á síwájú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò lè rọra tó bẹ́ẹ̀. Bí lẹ́tà bá fẹ́ mọ́ ni mo ti máa ń ré e kọjá. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni bóòtì tí sípánà 10 ń tú, nítorí pé bí a bá yí i lẹ́ẹ̀kan, mìlímítà kan péré ló ń rìn. Mo dá ihò sí etí páìpù méjèèjì, mo ki bóòtì náà bọ̀ ọ́, mo fi sípíríǹgì tì í lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ìdámẹ́rin ìyípo kan ti tó láti sọ ojú lẹ́tà di mímọ́.

Ìpele kẹta: Góbò fúnra rẹ̀

*Ọ̀rá.* Mo yàwòrán lẹ́tà náà sínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún, mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn olùkọ́ ń lò nígbà kan láti gbé ìwé sára ògiri. Dúdú rẹ̀ kò dúdú tó. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ kọjá lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibi tó yẹ kí ó ṣókùnkùn di eérú eérú. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, dúdú náà ti mu ooru, ọ̀rá náà yọkùn bí àgbá, àárín àwòrán sì ń ṣe bàìbàì nígbà tí etí rẹ̀ ṣì mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ló jẹ́ kí n mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, mo tàn án sára ògiri ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Lágéré kí wọ́n lè rí i. Àmì tó wà lábẹ́ Ṣ ti dàpọ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, ti abẹ́ Ẹ sì ti pòórá. Màmá wò ó títí, wọ́n ní: “Ta ni ń jẹ́ S? Ṣ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ tèmi. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì rẹ̀. Bí o kò bá ní lè kọ ọ́ pé, má wulẹ̀ kọ ọ́.”

N kò ní èsì. Mo ti tan orúkọ sí gbọ̀ngàn lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo yá, mo ti rí káàdì ìpè àti bánà tí kò níye tí wọ́n sọ Ṣ di S tí wọ́n sì sọ Ọ di O, n kò sì fi ọkàn sí i rí. Òótọ́ ni Màmá sọ. Lẹ́tà tí kò ní àmì rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mìíràn, orúkọ tí a kọ báyẹn kì í sì ṣe orúkọ ẹni tí a ń bá yọ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi gbogbo ìwọ̀n tó kù nínú iṣẹ́ yìí sí abẹ́ àmì kékeré yẹn: bí àmì kò bá hàn láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, góbò náà kò tíì parí.

*Agolo.* Mo gé ara agolo ohun mímu, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì fi bíléèdì gé e. Ó fẹ́lẹ́, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè kọjá lára rẹ̀. Fún àwòṣe àpáàdì, ó dára gan-an. Àwọn ará Ifẹ̀ ayé àtijọ́ to àpáàdì ní ìdúró sílẹ̀, ìlà kan kọjú sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sósì, bí eegun ẹja. Ìta Yemòó wà lára ibi tí wọ́n ti hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ìtàn ẹnu ìlú sì so títẹ́ wọn mọ́ ìgbà Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Ìlà tó tọ́ nìkan ló wà nínú àwòṣe náà, bíléèdì àti rúlà sì ti tó fún un. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi gé e tán, òun náà ni mo sì lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó láìyí nǹkan kan padà.

Lẹ́tà kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti dé ibi tó ká nínú Ṣ, agolo a ya, àmì abẹ́ rẹ̀ a sì di ihò játijàti. Mo ba agolo méje jẹ́ kí n tó gbà pé ọwọ́ mi kò lè ṣe é.

*Ẹ̀rọ lésà.* Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe pátákó ìpolówó. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ òótọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀rọ lésà àwọn ń gé ike àti pákó, kò lè gé irin. N kò san kọ́bọ̀.

*Idẹ.* Ọ̀nà tó yọrí sí rere ni èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ fi ń ṣe pátákó wáyà wọn: kí a fi omi fẹ́ríìkì kíláráìdì jẹ irin náà. Mo ra pélébé idẹ tó nípọn ní mìlímítà 0.2. Inú mi dùn pé idẹ ló bọ́ sí i; nínú ìlú yìí, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní 1938 tí wọ́n fi rí àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ifẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo fi sáńpépà fẹ́lẹ́ ha idẹ náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, n kò sì fi ìka kàn án mọ́, nítorí pé ọ̀rá ọwọ́ kì í jẹ́ kí dúdú lẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà tẹ àwòrán náà sórí ìwé ìròyìn tó ń dán, mo dojú rẹ̀ bo idẹ, mo sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo rọra fi ìka bó ìwé kúrò, dúdú sì kù lára idẹ láti dáàbò bo ibi tí omi náà kò gbọ́dọ̀ jẹ. Mo fi ọ̀dà èékánná kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti gbogbo ibi tí dúdú ti ṣí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sínú abọ́ ike pẹ̀lú omi náà, mo ń mi abọ́ náà jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú 70 ló gbà kí ó tó jẹ ẹ́ já. Abọ́ ike tàbí dígí ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe gbé omi yìí sínú abọ́ alumíníọ̀mù láé, nítorí yóò hó, yóò gbóná, yóò sì jẹ abọ́ náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, kí ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Mo da èyí tí mo lò tán padà sínú ìgò ike, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, mo sì gbé e síbi tí ọmọdé kò lè dé. Kò gbọ́dọ̀ dé inú gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga.

Góbò idẹ àkọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́nà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Omi náà kì í jẹ irin lọ sísàlẹ̀ nìkan, ó ń jẹ ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, ní nǹkan bí ìwọ̀n tó jẹ lọ sísàlẹ̀. Nínú pélébé 0.2, ó jẹ 0.2 ní ẹ̀gbẹ́ kan àti 0.2 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ihò fẹ̀ sí i ní 0.4, irin tó wà láàárín ihò méjì sì dín kù ní 0.4. Nínú ORÍIRE, O kan àti R méjì ní inú tó yẹ kí ó dúró, kò sì sí ohun tí yóò gbé inú wọn dúró bí kò ṣe afárá irin tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ti yà á ní 0.5. Nígbà tí omi jẹ ẹ́ tán, 0.1 ló kù. Inú O já bọ́ sísàlẹ̀ abọ́, R kan sì tẹ̀ lé e. Àyè tí mo fi sílẹ̀ láàárín ìdí Ṣ àti àmì rẹ̀ jẹ́ 0.4, kò sì ku nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí Màmá kọ̀ lára ọ̀rá náà ló tún padà wá lára idẹ.

Ìwọ̀n góbò kejì, èyí tó dára, nìyí. Afárá inú O àti R: mo yà á ní 0.8, ó ku 0.4. Àyè láàárín lẹ́tà àti àmì: mo yà á ní 0.9, ó ku 0.5, èyí tó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lára ògiri. Gíga Ṣ àti Ẹ ti àárín: mìlímítà 9, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 53 lára ògiri. Lẹ́tà ìkíni: mìlímítà 6, tó jẹ́ 35. Àmì ohùn orí Ú àti Í gba àyè kan náà pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà.

Ní ti àmì náà fúnra rẹ̀, mo dán irú méjì wò. Kíkán róbótó, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, hàn dáadáa nítòsí, ṣùgbọ́n láti mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó dà bí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ lábẹ́ lẹ́tà, bí ó ṣe wà nínú àwọn Bíbélì àtijọ́, hàn gbangba pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Mo ya ìlà náà ní 0.6 sí 1.6, ó di mìlímítà kan sí méjì, èyí tó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí méjìlá lára ògiri. Nígbà tí Màmá rí i, wọ́n kàn sún àga wọn sẹ́yìn títí wọ́n fi dé ẹnu géètì, wọ́n sì ní: “Mo rí i láti ibí.”

Kí n má gbàgbé: lẹ́ǹsì ń dorí àwòrán kodò, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi orí góbò sísàlẹ̀. Bí lẹ́tà bá hàn bí ti inú dígí, ẹ yọ ọ́ kí ẹ yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn. Pélébé tí a gé já kò ní ojú tàbí ẹ̀yìn lójú ìmọ́lẹ̀.

Ìpele kẹrin: Igun gbọ̀ngàn

Ó yẹ kí n ti ṣe ìpele yìí ṣáájú góbò. Nígbà tí mo lọ wo gbọ̀ngàn, mo rí i pé iná kò lè dúró ní iwájú gan-an, nítorí ibẹ̀ ni alága ìjókòó, alága ìdúró àti àwọn oníkámẹ́rà yóò wà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló kù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti fi igun ìwọ̀n 30 yẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan iwájú ògiri. Igun yìí ń fa àwòrán gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́tà a sì sanra. Mo ní láti padà sínú Inkscape, kí n fún àwòrán náà ní ìbú tó jẹ́ 87 nínú ọgọ́rùn-ún, kí n sì jẹ idẹ lẹ́ẹ̀kẹta. Idẹ ṣẹ́kù lára èyí tí mo rà, nítorí náà iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo pàdánù, kì í ṣe owó.

Igun náà tún mú kí apá òsì ògiri sún mọ́ iná ju apá ọ̀tún lọ, tó fi jẹ́ pé bí Ṣ bá mọ́, Ẹ a ṣe bàìbàì. Mo gé òrùka páálí dúdú, mo fi bo etí lẹ́ǹsì iwájú, ẹnu rẹ̀ sì dín kù láti mìlímítà 75 sí 40. Méjèèjì mọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kú jù. Mo gé òmíràn ní 55, èyí tó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ju ìdajì ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán náà ṣì kéré ju èkejì lọ díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, n kò tún un ṣe, nítorí ọjọ́ ti pé.

Ìpele karùn-ún: Ọjọ́ ìgbéyàwó

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ètò bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wáàtì 100 kò lè bá oòrùn Ifẹ̀ jà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti dán an wò ní aago méjìlá ọ̀sán ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, tí n kò rí nǹkan kan lára ògiri rárá. Mo bá àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi aṣọ dúdú bo fèrèsé mẹ́fà tó sún mọ́ ìjókòó tọkọtaya; àwọn tó kù ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹ̀yìn ìjókòó le ju ìyẹn lọ. Aṣọ tó ń dán, tí wọ́n ṣẹ́ léra wọnwọn, ni wọ́n fẹ́ ta. Ohun tó ń dán yóò tú ìmọ́lẹ̀ ká, ṣíṣẹ́ léra yóò sì gbé àmì abẹ́ Ṣ mì sínú ara rẹ̀. Mo mú olórí wọn wá síwájú ògiri, mo tan góbò sára aṣọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà sára aṣọ funfun bàìbàì kan tí a fà le. Ó rí ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ tó ń dán sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì fa èyí tí kò dán sí àárín. DJ náà gbà láti yí ojú iná pá tirẹ̀ kúrò lára ògiri náà.

Iná kejì, tí mo kàn bákan náà fún àwòṣe àpáàdì, ni mo so mọ́ irin báákóní ní mítà mẹ́rin sókè ilẹ̀. Ìlọ́po rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 39, nítorí náà àwòrán fẹ̀ ní mítà 1.56, ó sì gba ènìyàn méjì tó ń jó. Yàtọ̀ sí bóòtì tó dè é, mo fi wáyà irin lọ́tọ̀ so ó mọ́ báákóní. Ohun tó bá wà lórí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìdè méjì.

Wákàtí márùn-ún ni iná méjèèjì fi tàn. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún tàn padà láìsí wàhálà. Nígbà tí ìyàwó wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, alága ìdúró nawọ́ sí ògiri, ó ka Ẹ KÚ ORÍIRE sókè, ó sì pe orúkọ àwọn méjèèjì láti orí lẹ́tà wọn, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá S ni tàbí Ṣ.

Owó

Iná kan: gílóòbù àti díráìfà ₦14,500, irin afàgbóná àti fáànù ₦9,000, lẹ́ǹsì akónájọ ₦3,500, dígí ìwé méjì ₦5,600, páìpù, páànù àti bóòtì ₦4,200, owó wẹ́dà ₦5,000, wáyà, púlọ́ọ̀gù àti súwíìṣì ₦3,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦45,000. Méjì jẹ́ ₦90,000. Góbò: idẹ ₦6,000, omi fẹ́ríìkì ₦3,500, ìwé àti títẹ̀ ₦1,500, tó jẹ́ ₦11,000. Èyí tó ṣòfò: ọ̀rá ₦1,200, gílóòbù tó jó ₦8,000, páìpù tó rọ̀ ₦1,800, tó jẹ́ ₦11,000 mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦112,000.

Ohun tó kù

Mo fi kálípà wọn góbò idẹ náà lọ́jọ́ kejì. Kò tẹ̀, afárá inú O kò já, ìlà abẹ́ Ṣ ṣì jẹ́ mìlímítà kan sí méjì. Etí lẹ́tà ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lára ògiri, nítorí pé dígí ìwé kì í kó gbogbo àwọ̀ jọ sójú kan. Ó wù mí kí n wá lẹ́ǹsì kámẹ́rà àtijọ́ kan láti fi dípò rẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn ti wọlé láti Iléṣà, fún oṣù tó ń bọ̀. Orúkọ ọkọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀: inú tó gbọ́dọ̀ dúró, àmì lábẹ́, àmì ohùn lórí, gbogbo rẹ̀ lára lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo ti yà á sínú Inkscape lálẹ́ àná, afárá méjì ní 0.8, àyè òkè àti ìsàlẹ̀ ní 0.9, mo sì ti lọ wọn igun gbọ̀ngàn ná kí n tó fi ọwọ́ kan idẹ.